Má tú àpótí ẹja rẹ ká

Adébọ́lá ọmọ mi,

Ọmọ alárè, ṣé dáadáa ni o wà? Màmá rẹ ń kí ọ. Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi lánàá, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ara gíláàsì àpótí ẹja rẹ dáadáa. O ní o ti ra bílíìṣì, pé o fẹ́ kó àwọn ẹja sínú báálì kí o lè tú gbogbo rẹ̀ ká, kí o fọ̀ ọ́ látìdí. Mo bẹ̀ ọ́, gbé bílíìṣì yẹn sílẹ̀ ná.

Ewédò ló hù sí i. Èyí tí mo rí rí rúsúrúsú bí ẹni bu ẹ̀lúbọ́ dà sára gíláàsì. Ti ìka bọ inú omi, fi fa ìlà kan sára gíláàsì náà. Tó bá ṣí wẹ́rẹ́ bí eruku, tí ojú ibi tí ìka gbà mọ́ gaara, diatom nìyẹn, irú ewédò tín-ín-tín kan. Silica, èròjà kan tó wà nínú omi àti iyanrìn tuntun, ló fi ń ṣe èèpo ara rẹ̀, ìdí tó fi fẹ́ràn àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò nìyẹn. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tìrẹ ò tíì ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ.

Tí o bá tú u ká báyìí, ohun tí ojú ò rí ni wàá bàjẹ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù ń di ammonia, májèlé gbáà ni fún ẹja. Bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn a sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó, inú kànrìnkàn fíltà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àpótí, ni wọ́n sì ń gbé jù. Ṣé o rántí àpótí àkọ́kọ́ wa, nígbà tí o wà ní JSS 2? Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa fọ kànrìnkàn náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí yóò fi funfun. Mo fọ̀ ọ́, mo fún un, mo tún fọ̀ ọ́. Chlorine inú omi ẹ̀rọ pa bakitéríà náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹja 7 ti léfòó. Ìwọ lo bá mi gbẹ́lẹ̀ tí a sin wọ́n sí lẹ́yìn ilé, o ò sì fẹnu kan ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò fẹ́ kí o tún sunkún bẹ́ẹ̀. Inú omi tí o bá bù jáde láti inú àpótí ni kí o ti máa fún kànrìnkàn rẹ.

Ó kù síbi iná, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú ewédò hù. Mo rí fèrèsé lẹ́yìn àpótí yẹn, oòrùn àárọ̀ Ṣàgámù á sì máa gbà á wọlé tààrà. Gbé e kúrò níbẹ̀. Tí kò bá ṣeé gbé, ta kọ́tìnnì tó nípọn. O tún ní o máa ń tan gílóòbù rẹ̀ di òru torí ó wù ọ́ láti máa wò ó. Ó wu èmi náà, àmọ́ wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́ ti tó. Oúnjẹ ńkọ́? Èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2 ni kí o máa fún wọn. Kí o sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Omi bòhóòlù lò ń lò, kò sẹ́ni tó da chlorine sí i.

Tó bá jẹ́ àmì róbótó aláwọ̀ ewé ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì gbagidi, fi káàdì ATM tó ti kú họ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún ni èyí tó ń yọ̀, tó ń bo iyanrìn bí aṣọ, tó ṣeé ká sókè, tó sì ń rùn. Cyanobacteria ni, irú bakitéríà kan, kì í ṣe ewédò gidi. Fi rọ́bà tí a fi ń fa omi fà á jáde, lẹ́yìn náà kí o fi aṣọ bo àpótí náà fún ọjọ́ 3 láìtan iná, àmọ́ má pa fíltà.

O béèrè bóyá kí o lọ ṣa ìṣáwùrú létí odò kó máa bá ọ jẹ ewédò náà. Rárá o. Ìgbín odò míì máa ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá sára, ìwọ lo sì ń ti ọwọ́ bọ inú omi yẹn.

Ojúoró ló dára. Á léfòó sórí omi, á ṣíji bò ó, á sì máa fa nitrate tí ewédò ì bá jẹ. Ó pọ̀ nínú kòtò ẹja àrọ̀ mi níbí, n ó ṣa márùn-ún, n ó fọ gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa kí ìgbín má bàa fara pamọ́ síbẹ̀, n ó sì mú un wá fún ọ ní Sátidé. Wá báálì kan sílẹ̀ dè mí.

Bàbá rẹ,
Ìjẹ̀bú-Òde