Ojúlówó àti Àlẹ̀mọ́ Lára Katakata Bàbá

Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Ṣé ara ìyàwó le, ṣé àwọn ọmọ ṣì ń gbọ́ Yorùbá? Àlàáfíà la wà níbí. Kòkó ti ń pọ́n lóko, ọwọ́ oníkálukú sì dí.

Lórí ọ̀rọ̀ katakata Bàbá tó wà lóko yín lọ́nà Òǹdó: o ní àwọn àbúrò rẹ ti bá ẹni tó máa kùn ún dúnàádúrà kí o tó dé ní Disẹ́ḿbà. Jọ̀ọ́, pè wọ́n lónìí kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ̀rí ni ìdọ̀tí ara rẹ̀ yẹn, ẹ̀rí sì ni ọ̀dà tó ti ń ṣí. Tí wọ́n bá ti fi gíráńdà ha á, tí wọ́n fọ́n ọ̀dà pupa sí i láti imú dé ìdí, kò sẹ́ni tó máa lè ya ohun tó bá a kúrò ní Coventry, ìlú tí wọ́n ti ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lóko.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni o wò tí o fi ní MF 35, ìyẹn Massey Ferguson 35, ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹlẹ́rìí: bóòtù díẹ̀ ló dì í mú, ti ẹlòmíràn sì ṣeé gbé lé e. Àwo nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà ní fọ́tò fún ọ. Abẹ́ sítíárì ló máa ń wà, lára pátákó tí àwọn aago wà. Kí wọ́n tó ka nọ́ńbà, kí wọ́n wo ohun tó dì í mú. Bí síkúrù tó ń dán bá wà lára àwo tó ti gbó, tàbí tí ihò tí kò níṣẹ́ bá yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti tú u rí, ó sì lè jẹ́ ti katakata mìíràn.

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀ jù. Lára 35 tí wọ́n ṣe ní Coventry, SDM tàbí SDF ni bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì Standard onísílíńdà mẹ́rin ló bá a jáde. SNM tàbí SNF ni ti ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta. Ìparí 1959 ni Perkins yẹn wọlé, òun ni wọ́n sì lò títí 35 fi kógbá sílé ní 1964 tí MF 135 gba ipò rẹ̀. Kí àbúrò rẹ ka àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara ínjẹ́kítọ̀ pọ́ńpù, ẹ̀rọ tó ń ti dísẹ́ẹ̀lì, lọ sórí ẹ́ńjìnì. Bí àwo bá ní SDM, tí páìpù sì jẹ́ mẹ́ta, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì nìyẹn. Kò burú. Standard yẹn kì í fẹ́ jí nínú òtútù, àwọn òyìnbó pàápàá yọ ọ́ dànù lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yà Perkins ló wà lọ́jà, òun náà ni ọwọ́ mẹkáníìkì mọ̀.

Perkins tí ẹ bá níbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tirẹ̀. Wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, nítòsí ínjẹ́kítọ̀ pọ́ńpù. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi fọ ibẹ̀, kí gíráńdà má débẹ̀ rárá. Ti ìgbà 35 máa ń ní 152 níwájú. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CE, ìlànà tí Perkins mú wá láàárín àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí 35 ti kúrò lójà tipẹ́. Inú 135 tàbí ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Líta 2.5 ni ẹ́ńjìnì ti 35 àti ti 135 yìí, ojú lásán ò lè yà wọ́n.

Bóòtù ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó ń fi àlẹ̀mọ́ pe ojúlówó kì í sábà rántí bóòtù. Ìnṣì ni bóòtù ara 35 àti 135. Sípánà 9/16 á bọ́ sí i géérégé. Ti mílímítà 14 ò ní wọlé, torí 9/16 tó mílímítà 14.3, 15 á sì máa yọ̀. 1/2 jẹ́ 12.7, ìdí nìyẹn tí 13 fi ń jẹ igun orí bóòtù. Àmọ́ kí 19 má tàn yín: 3/4 jẹ́ 19.05, sípánà méjèèjì ló máa gbà á. Níbẹ̀, orí bóòtù ni kí ẹ kà. 8.8 jẹ́ ti mílímítà, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ló dé. Ìlà mẹ́ta tó yà láti àárín jẹ́ ti ìnṣì. Bí ẹ bá rí 8.8 níbi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, wọ́n ti já katakata náà sí méjì rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí kúlọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni bóòtù mílímítà tí wọ́n fi tipátipá wé sínú ihò ìnṣì. Á kọ́kọ́ wọlé díẹ̀ bí ẹni pé ó bá a mu, á há, ẹni tó ń dì í á wá fi agbára kún un, tíréèdì inú irin á sì jẹ tán. Bóòtù bẹ́ẹ̀ kì í dúró, epo ò sì ní yé jò níbẹ̀.

Lára àwọn irin ńlá tí wọ́n yọ́ dà, ẹ máa rí nọ́ńbà tó yọ síta. Ti Massey máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, lẹ́yìn náà M, lẹ́yìn náà 1 tàbí 2. M91 sì jẹ́ ti ohun tí wọ́n ti tò pọ̀. Èyí kàn ń fi hàn pé Massey ló ni ẹ̀yà náà ni. Tòkunbọ̀ tó wá láti ara 35 mìíràn á ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Lucas, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ohun èlò iná ara rẹ̀, tilẹ̀ bá wa ṣe é tán: wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún mọ́ ara dáínámò tó ń cháàjì bátìrì àti sítátà. Bí ẹ bá rí 5 61, oṣù karùn-ún 1961 ni. Ó yẹ kó ṣáájú ọjọ́ orí katakata ní oṣù díẹ̀. Bó bá fi ọdún mẹ́ta kéré sí i, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́tánétọ̀, àrọ́pò dáínámò ti òde òní, ló wà níwájú, tí àpótí régúlétọ̀ àtijọ́ ṣì ń bẹ níbẹ̀ láìní wáyà, ẹ wo bátìrì dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dáínámò ayé ìgbà náà, orí tó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ irin ara katakata. Ọ́tánétọ̀ ìsinsìnyí, òdì kejì ló ń fẹ́; tí wọ́n bá so ó bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jóná lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀dà wàyí. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ táǹkì àti ẹ̀yìn pátákó aago ni kí wọ́n wò, torí oníṣẹ́ ọ̀dà kì í débẹ̀. Kí wọ́n mú sáńdípépà 400 àti omi, kí wọ́n fi ìka kan ha ojú ibì kan tí kò ju owó ẹyọ lọ, díẹ̀díẹ̀, títí irin á fi hàn láàárín. Ipele ọ̀dà kọ̀ọ̀kan á yọ ní òrùka yí irin náà ká, èyí tó pẹ́ jù ló máa wà nínú. Bí eérú bá wà lábẹ́ pupa lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì pariwo, ọ̀dà ìpìlẹ̀ náà lè jẹ́ eérú. Kí wọ́n lọ wo kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì: bí àwọ̀ wúrà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó lè jẹ́ Ferguson 35 ti 1956 sí 1957, kí wọ́n tó sọ ọ́ di pupa. Ìyẹn ò wọ́pọ̀ mọ́, pípa ló máa jẹ́ tí wọ́n bá kùn ún.

Mọ́gáàdì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ máa ń ní àmì roboto kéékèèké tó tò léra wọn létí, níbi tí ẹ̀rọ ti jó irin méjì pọ̀. Ti wẹ́dà máa ń wú ní ìlà gbọọrọ. Òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ náà wúlò: ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Táyà àti ìjókòó, ẹ má ṣe wàhálà lé wọn lórí. Kò sí èyí tó ń dúró títí báyìí.

Má sọ pé kí wọ́n yọ gbogbo àlẹ̀mọ́ o. Irin tó gbé sókè lẹ́yìn awakọ̀ láti dáàbò bò ó bí katakata bá dojú dé, kò bá 35 jáde, àmọ́ ibẹ̀ ni kó wà. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n gé kúrò ni ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ òkè, níbi tí apá òkè ohun èlò ti ń so, tí wọ́n fi ń wọ́ gẹdú. Tí ẹrù bá fà láti òkè áàsìlì ẹ̀yìn, iwájú á gbéra, katakata á sì dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí kó tó ráyè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ ni ìkọ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣe wà. Kí wọ́n wo apá sítíárì àti áàsìlì iwájú náà bóyá wẹ́dà ti débẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, ẹ ra òmíràn, tòkunbọ̀ pàápàá dára jù ú lọ.

Fọ́tò àwo, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti dáínámò ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n jọ̀ọ́ yà á ní òwúrọ̀ tí oòrùn ò tíì mú. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní