Onígòjé ni Crowther, kì í ṣe akéròjọ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹni tó bá gbọ́ Crowther, orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí, tó sì mọ̀ pé crowd ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èrò, lè tètè túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tó ń kó èrò jọ. Ó dùn lẹ́nu oníwàásù, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Crowd mìíràn wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí kò bá ti èrò tan rárá. Ohun èlò orin ni. Crwth ni àwọn ará Wales ń pè é. Ọrun ni wọ́n fi ń ta á bíi gòjé. Okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, mẹ́fà ni tirẹ̀: mẹ́rin lórí pákó ọrùn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n lè fi àtàǹpàkò ta. Ẹni tó ń ta á ni crowther. Bí Àyàn ṣe ń fi ọmọ onílù hàn níbí náà nìyẹn.

Ìwọ̀ oòrùn Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ yìí ti gbilẹ̀. Ẹni tó bá ń tọpa rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ni kó ti máa lọ sẹ́yìn: ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú lọ́dọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní July 1, 1837, ṣáájú ìyẹn, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni, èyí tí wọ́n pàṣẹ rẹ̀ ní 1538. Kó wo Crouther àti Crowder náà, torí ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ló ń kọ. Kó sì ṣọ́ra fún ìkànìyàn 1841: wọ́n sábà máa ń gé ọjọ́ orí àgbà wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, tí ẹni ọdún 44 á fi di 40.

Ṣùgbọ́n kí àrọ́mọdọ́mọ Àjàyí má wulẹ̀ dààmú dé Yorkshire. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló gbé orúkọ náà dé ilé wọn, omi ìrìbọmi ni. Ní December 11, 1825, ní Sierra Leone, ni Àjàyí gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà Christ Church, Newgate, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ alátìlẹ́yìn CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà. Freetown ni ipa tiwọn gbà, ó sì parí sí Òṣoògùn, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Wàhálà akọ̀wé kò sì tán síbẹ̀ o: Adjai ni ìwé ìgbà náà kọ Àjàyí. Ẹni tó bá ń wá Ajayi nìkan yóò fò ó.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta