Sí Àjàní ọmọ mi: ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì rẹ kó o tó wọ Òkè Ọya

Kubwa, Àbújá

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá rẹ ń kí ọ, àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, inú mi sì dùn débi pé mo tún un gbọ́ kí n tó sùn. Wọ́n ní kó o lọ káàkiri Kàdúná, Zaria àti Kánò, kó o kọ ìtàn àwọn Yorùbá tó ti ń gbé ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀, láti ayé bàbá wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹnu àwọn àgbà yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà wà, wọn ò sì ní wà títí láé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, kó o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó o bá ń di ẹrù.

O béèrè bóyá kó o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ ra láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó o rí ní Banex. Má tíì rà á. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù yìí, n kò tíì rí òǹkọ̀wé tó sunkún nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ tán tí wọn ò rí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fíláàṣì wá, gbogbo iṣẹ́ ọdún kan á wà nínú ẹ̀, a ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ti rí àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún ìgbà pípẹ́ tí kò lè dìde nítorí irú èyí. Nítorí náà, ohunkóhun tó o bá fẹ́ rà, kọ́kọ́ bi ara rẹ: ṣé èyí máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà sọ fún mi lónìí ṣì wà lọ́wọ́ mi lọ́la?

Ìwé ni kó o kọ́kọ́ rà, méjì: kékeré tó wọ àpò ṣòkòtò, àti ńlá tó ní ẹ̀yìn páálí líle. Kó o tó sanwó, ṣí i láàárín kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó o bá rí òwú tí wọ́n fi rán an, rà á. Bó bá jẹ́ gúlúù nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀ fún wọn, torí ọyẹ́ ibẹ̀ máa ń gbẹ gúlúù títí á fi máa sán, ewé ìwé á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà mi sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá rí i he lè pè. Bírò Bic lásán ti tó ọ. Yíǹkì rẹ̀ ní òróró nínú, omi kì í tètè fọ̀ ọ́. Àwọn bírò jẹ́ẹ̀lì tó ń dán yẹn, bí òógùn ọwọ́ bá ti kàn án, ó ti dàrú nìyẹn. Fi pẹ́ńsùlù méjì àti ṣápínà kún un. Bó o bá dúró tó o gbé ìwé ti ògiri kọ̀wé, bírò lè dákẹ́ lójijì, àmọ́ pẹ́ńsùlù kò ní dákẹ́, òjò kò sì lè fọ ohun tó o bá fi í kọ.

Bó o bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu ní Àbújá lọ sí Rigasa ní Kàdúná, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016, má fi gbogbo ọ̀nà sùn. Ibẹ̀ ni kó o ti tún àkọsílẹ̀ rẹ kọ kó ṣeé kà, kó o sì ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó o gé kúrú, kó o tó gbàgbé ohun tí wọ́n dúró fún.

Fóònù rẹ ṣì lágbára, kò sì ní kó o máa fi àtàǹpàkò méjì tẹ ìtàn gígùn. Kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kan wà tó ṣeé ká bí ìwé, owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Gbé fóònù ti kọ́ọ̀bù, ṣí kíbọ́ọ̀dù náà, kó o sì máa tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ń gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì gbé fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú (airplane mode), torí ìpè kan ṣoṣo lè gé ohùn náà láàárín. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó o bá parí, sọ ohùn náà lórúkọ: ìlú, ọjọ́, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Níbi tí àwọn sójà bá ti dá ọkọ̀ dúró, jẹ́ kí fóònù wà nínú báàgì. Má yàwòrán níbẹ̀, má sì yàwòrán bárékè. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́ lórí èyí.

Iná ńkọ́? Ra páwà báńkì 20,000 mAh tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára. Gbé e dání wò: bó bá fúyẹ́ jù, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Irú èyí tí mo wí jẹ́ nǹkan bíi 74 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà). Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń gba èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ, ṣùgbọ́n inú báàgì ọwọ́ ni o, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀, torí bó bá gbaná níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i. Tó o bá padà ra láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ iwájú, wá èyí tó ń gba iná láti ojú USB-C, kó o sì wá páwà báńkì tí wọ́n kọ PD (Power Delivery) sí lára, torí páwà báńkì tí a fi ń gba iná sí fóònù lásán kò lè gbé e. Oòrùn tún ni ọ̀tá bátìrì. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ooru Kánò a máa tó ìwọ̀n 40 Celsius, inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Má fi fóònù tàbí páwà báńkì síbẹ̀. Bí bátìrì bá wú, má lò ó mọ́ rárá.

Èyí tó ká mi lára jù ni àmì ohùn. Orúkọ àti oríkì làwọn èèyàn wọ̀nyí máa sọ fún ọ, bó o bá sì kọ ọ́ láìlámì, ọmọ wọn gan-an kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard, ó sì wà nínú Windows náà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àwọn kan ṣì ń mú iṣẹ́ wá fún mi tí wọ́n fi àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà wọn, ó mọ́lẹ̀. Lórí tèmi, gbogbo ẹ ti di àmì ìbéèrè. Lo fọ́ǹtì tó gba Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò, bíi Charis SIL tàbí Noto, ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n, kó o sì fi PDF ti ẹ̀yìn iṣẹ́ tó o bá fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Lálaalẹ́, kó o tó sùn, ya àwòrán gbogbo ojú ewé tó o kọ lọ́jọ́ náà. Da ohùn àti àwòrán sórí fíláàṣì kan tí kò ní sí nínú báàgì kan náà pẹ̀lú fóònù. Nígbà tó o bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbé wọn lọ sórí Google Drive. Google Docs lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, àmọ́ o ní láti yan lílò láìsí dátà (offline) fún ìwé kọ̀ọ̀kan nígbà tí dátà ṣì wà. Bó o bá dúró di ojú ọ̀nà, ó ti pẹ́ jù. Bó bá rẹ̀ ọ́ jù lálẹ́ kan, fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Màá tọ́jú wọn sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní kà wọ́n àfi tó o bá ní kí n kà.

Tọ́ọ̀ṣì orí, náílọ́ọ̀nù tó nípọn fún ìgbà òjò, aṣọ fẹ́lẹ́ láti nu eruku, ìyẹn ti yé ọ.

Mo ti ra kíbọ́ọ̀dù yẹn fún ọ ní Wuse. Yà sílé lọ́jọ́ Sátidé kó o tó lọ sí Idu, kí a jọ so ó pọ̀ mọ́ fóònù rẹ, kí n rí i pé ó ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ dáadáa. Mú ṣájà rẹ dání.

Olúwa á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Ìyá rẹ