Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Joan Tate

Gothenburg,
Swídìn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí Màmá ní Mọ́kọ́lá. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Àbúrò ti yọ eyín, otútù ti dé, owó ilé sì ti lọ sókè. Ohun tí n kò lè fi pa mọ́ títí di ìgbà tí a óò fojú kan ara wa ni pé ilé ìtẹ̀wé kékeré kan níbí ní kí n túmọ̀ ìwé àwọn ọmọdé kan láti èdè Swídìn sí Yorùbá, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn, nítorí ní etígbọ̀ọ́ àwa méjèèjì ni ọ̀gá wa ti sọ ọ́: pé òǹkọ̀wé tó bá ń túmọ̀ ìwé ẹlòmíràn ti di alágbàro, oko tirẹ̀ yóò sì di igbó. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Òun ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ rí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ Joan Tate, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí n kò lè dákẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní kí n kúkú kọ ọ́ sí ọ, kí òun lè ráyè wo bọ́ọ̀lù.

Ní 1922 ni wọ́n bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17 nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, Swídìn níbí ni ogun náà sì ká a mọ́. Bó ṣe di ẹni tó gbọ́ èdè wọn nìyẹn, kì í ṣe bíi tèmi tí olùkọ́ ń fi bírò pupa bá wí. Nígbà tó yá, ó fi Shrewsbury, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ibùgbé, ó sì ń kọ ìwé tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé kíkà kì í wù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn, Sam and Me, jáde ní 1968, ọdún náà gan-an tí ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà jáde. Ǹjẹ́ ọ̀gá wa á lè pe Ṣóyínká ní alágbàro lójú ara rẹ̀?

Ìtumọ̀ tí Tate ṣe kò kéré, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ó tó nǹkan bí 200 ìwé. Ó túmọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Sjöwall àti Wahlöö, ó túmọ̀ The Brothers Lionheart ti Astrid Lindgren, ó sì túmọ̀ ìwé tí Ingmar Bergman, ẹni tó ń ṣe fíìmù, kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jù ni ìwé Sven Lindqvist, òǹkọ̀wé ará Swídìn, tó jáde níbí ní 1992. Lindqvist rìn nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ó ń ro bí àwọn òyìnbó ṣe pa àwọn èèyàn wa ní Áfíríkà nípakúpa, ó sì fi hàn pé ọ̀nà kan wà láti ibẹ̀ dé ohun tí Hitler ṣe. Ní 2021, Raoul Peck, tí òun náà ń ṣe fíìmù, mú un wọ inú fíìmù tẹlifíṣọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì obìnrin Shrewsbury yìí ni mo fi ka ọ̀rọ̀ tó kan àwa gan-an, n kò sì rántí pé ẹnì kankan wà láàárín èmi àti Lindqvist títí mo fi parí rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo lọ sí ilé ìkàwé ìlú ní Götaplatsen, mo mú ìwé Bergman sílẹ̀: orúkọ rẹ̀ gba ẹ̀yìn ìwé látòkè délẹ̀, orúkọ Tate sì wà nínú lọ́hùn-ún, ó kéré débi pé mo ní láti yọ awò ojú mi kí n tó rí i. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìtumọ̀ ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ta ló ń bèèrè Sam and Me lónìí? Ó ṣaláìsí ní 2000.

Síbẹ̀, n kò gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùtumọ̀ ìwé Swídìn sí Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní 1982, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá nìkan bá àwọn atẹ̀wé jà. Owó náà sì wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: nígbà tí Bernard Shaw, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, gba ẹ̀bùn Nobel ti 1925, ó ní òun kò fẹ́ owó rẹ̀, kí wọ́n fi dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé ìwé Swídìn wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Swídìn pàápàá a máa ran àwọn atẹ̀wé òkèèrè lọ́wọ́. Tí Yorùbá bá ní irú Shaw bẹ́ẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ yọjú, mo ti ní nọ́ńbà àkáǹtì.

Ìdí tí mo fi ń yí ọ̀rọ̀ po láti òkè wá nìyí. Ìtàn tèmi, èyí tí mo fi ọwọ́ kọ, tí mo kó sínú àpò ìrẹsì, tí mo sì ní kí o bá mi fi pa mọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, jọ̀wọ́ bá mi gbé e jáde, kí o ya ojú ìwé rẹ̀ ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ láràárọ̀, kí ìwé àwọn ọmọdé tó gba iyókù ọjọ́. Bí eku bá ti jẹ ẹ́, sọ fún mi ní tààrà, má ṣe fi ọgbọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n má ka orí kẹrin. Obìnrin tó wà níbẹ̀ jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ mo búra pé kì í ṣe ìwọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́