Ẹ Má Sọ Ipò Ẹ̀gbọ́n Di Ìyà

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti yọ̀ mọ́ àwa òbí lẹ́nu: "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, fi í sílẹ̀ fún un." Ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ rìmóòtù, ẹ̀gbọ́n ni yóò yọ̀ǹda. Ohun tí àbúrò ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí òun bá ti figbe ta, ohun olóhun ti di tòun. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ yóò dì í sínú, yóò dúró kí ẹ jáde, yóò sì fọ́ ọ létí. Ẹ ó dé bá ẹni tó ń sunkún, ẹ ó tún na ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni owú ti ń di ìkórìíra.

Ohun tó bá jẹ́ ti ọmọ kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo ilé, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago sì ni adájọ́. Ní ti oúnjẹ, ẹni tó bá pín in ni kó mú gbẹ̀yìn. Ẹ wo bí ọmọ ọdún 8 yóò ṣe gbé ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn lórí búrẹ́dì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó gé e.

Bí wọ́n bá ti wọ̀yá ìjà, ẹ má bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rò ni ìbéèrè yẹn máa ń dá láre. Ẹ là wọ́n, kí kálukú lọ jókòó lọ́tọ̀. Ọmọ tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan rojọ́ tán, kí èkejì tún ohun tó gbọ́ sọ, kó tó ro tirẹ̀.

Ọmọ ọdún 2 tàbí 3 tí wọ́n bí àbúrò lé lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ọ́lé, tàbí kó ní àfi kí wọ́n pọn òun. Ẹ má nà án. Ẹ gbé ìkókó fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òun àti ìkókó nìkan sílẹ̀ nínú yàrá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ pé "ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣe báyìí ní kíláàsì yìí." Máàkì ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti táàmù tó kọjá ni kí ẹ fi wé ti ìsinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ẹ pe Táyé lọ́tọ̀, ẹ pe Kẹ́hìndé lọ́tọ̀, kí ẹ tó sọ èsì ìdánwò wọn.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọmọ kan náà ní ń jìyà nígbà gbogbo, tí ẹ̀rù ń bà á bí èkejì bá wọlé, tàbí tí igi àti ọ̀bẹ bá ti wọ ìjà náà, ó ti kọjá ìjà ọmọ ìyá. Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi àwọn méjèèjì nìkan sílé. Kí ẹ sì fara balẹ̀ bi èyí tó ń lù ú bóyá ẹnì kan ń lu òun náà níbòmíràn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan,
Òṣogbo.