Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa oúnjẹ ìgbà tí òjò bá lọ

Pune, Íńdíà
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Tòbí ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. O ní òtútù ti dé sí Manchester, awọ ara rẹ ń gbẹ, ó ń funfun bí ẹni tí ọyẹ́ mú, afẹ́fẹ́ sì ń kún inú rẹ lálẹ́. O tún ní kùkúńbà àti ewébẹ̀ tútù lò ń jẹ, torí mo sọ fún ọ lọ́dún tó kọjá pé oúnjẹ tó ń tu ara ni Ayurveda, ìmọ̀ ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ní ká jẹ ní àsìkò yìí. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀bi mi ni. Ti Pune ni mo sọ, mi ò sì là á yé ọ pé ti Pune ni. Jọ̀wọ́, má bínú.

Níbí, láti oṣù kẹfà ni òjò ti ń rọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Bó bá ti dáwọ́ dúró báyìí, oòrùn á là, ooru á gba ìgboro kan. Sharad ni wọ́n ń pe ìgbà náà, láti àárín oṣù kẹsàn-án títí dé àárín oṣù kọkànlá, ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́fà tí Charaka Samhita, ìwé Ayurveda àtijọ́, pín ọdún sí. Ohun tí ìwé yẹn sọ ni pé ìgbà òjò ni pitta ti ń kóra jọ sínú ara. Pitta ni iná inú ènìyàn, ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní òróòro. Bí oòrùn bá wá ta sí ara tó ti mọ́ òtútù òjò lára, pitta á ru sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ohun dídùn, ohun kíkorò àti ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n pa iná rẹ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà mung, àti ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́. Wọ́n ní ká sá fún yọ́gọ́ọ̀tì, ká má sì sùn lọ́sàn-án.

Mi ò mọ èyí ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi yọ́gọ́ọ̀tì kíkan jẹ ìrẹsì, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ dá sínú ìgò. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu mi bó, òkè àyà ń jó mi. Ilé ìwòsàn tí mo lọ fún mi ní oògùn, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Ìyá àgbà onílé mi ló bi mí. Aaji ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà ní èdè Marathi tí wọ́n ń sọ níbí. Wọ́n gbé abọ́ yọ́gọ́ọ̀tì kúrò níwájú mi, wọ́n sì lọ mú karela wá. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n ha kóró inú rẹ̀ kúrò, wọ́n fi iyọ̀ pa á títí omi aláwọ̀ ewé fi ń ro jáde, wọ́n fún un, wọ́n wá fi àgbọn àti ṣúgà ìrèké díẹ̀ yan án. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ejìnrìn ni! Ejìnrìn tó ń fà mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa, tí Ìyá Àgbà máa ń gbo ewé rẹ̀ fi wẹ̀ wá bí ara bá ń yún wa. Tiwa kéré, tiwọn gùn tó ọwọ́ ọmọdé. Omi bọ́ lójú mi nídìí ààrò yẹn.

Lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú tó kọjá, Kojagiri, a gun òrùlé. Wọ́n ti se wàrà pẹ̀lú ṣúgà, álímọ́ńdì àti kesar, fọ́nrán òdòdó pupa tín-ín-tín tó sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè. Inú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ni wọ́n gbé ìkòkò sí. Aaji ní kí n yọjú wò ó kí n tó mu, mo sì rí òṣùpá nínú wàrà, ó ń mì tìtì.

Tìrẹ wá yàtọ̀. Lọ́dọ̀ rẹ, atẹ́gùn àti gbígbẹ ló ń jọba, vata nìyẹn, bí ọyẹ́ ilé gan-an. Gbígbóná ni kí o fi pàdé òtútù, ọ̀rá ni kí o fi pàdé gbígbẹ. Jọ̀wọ́, fi kùkúńbà yẹn sílẹ̀. Jẹ kúkúndùnkún, elégédé, kárọ́ọ̀tì, ọbẹ̀ tó ń hó, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ghee tàbí òróró. Rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí o tó sè é. Ògì gbígbóná tó kan díẹ̀, tí mi ò ní gbà fún ọ ní Pune lóṣù yìí, ó dára fún ọ níbẹ̀, torí ohun kíkan àti iyọ̀ máa ń tu vata lójú. Sì máa jẹun ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, o ti ń fò ó jù.

Oúnjẹ ni mo ń sọ o. Má ra oògùn oníhóró tí wọ́n kọ Ayurveda sí lára lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti rí òjé àti mákúrì nínú àwọn kan. Bí inú náà kò bá rọ̀, rí dókítà.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ wá ejìnrìn lọ sí ìsọ̀ àwọn ará Éṣíà ní Rusholme nígbà tí o bá ka èyí tán. Má tíì rà á. Ìkorò ń mú vata le sí i. Tí ewé bá tún rú, kọ̀wé sí mi, màá bá ọ bi Aaji bí wọ́n ṣe ń yan án.

Bá mi kí Bàbá Tòbí.

Èmi ni tìrẹ,
Àyọ̀ká