Ta ló sọ odò yẹn lórúkọ?

Àkànní ọmọ mi,

Mo ti ka ìtàn tó o fi ránṣẹ́ tán. Níbi tí ọbabìnrin yẹn ti sọdá odò lóru, mi ò lè gbé fóònù sílẹ̀. Àmọ́ àwọn orúkọ ìlú inú rẹ̀ kò wọ̀ mí létí. Zarvok, Xilten, Qorra: bí ẹni da ẹ̀kúrọ́ sínú agolo tó wá ń mì í. Kò sí èyí tó jọ ibi tí wọ́n ti sọmọ lórúkọ rí.

Tolkien tó o fẹ́ràn yẹn, òǹkọ̀wé "The Lord of the Rings," ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di olókìkí. Ní 1919 sí 1920, ìdí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ló wà, tó ń wá orírun àwọn ọ̀rọ̀ tí W bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1925, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ níbẹ̀.

Wo bó ṣe ń ṣe é. Nínú ewì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwókù ilé olókùúta, iṣẹ́ ọwọ́ "ent" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òmìrán. Ọ̀rọ̀ náà ti kú mọ́ wọn lẹ́nu. Tolkien jí i dìde, ó fi sọ àwọn ẹ̀dá abìrísí-igi tó ń ṣọ́ igbó lórúkọ. Àwọn aràrá rẹ̀ ńkọ́? Inú ewì àtijọ́ kan láti Iceland ló ti ṣa orúkọ wọn. Gandalf pàápàá wà níbẹ̀. Olórí àwọn aràrá ló kọ́kọ́ fún lórúkọ yẹn, kó tó gbà á padà fún oṣó. Ó sì bá a mu, torí ọ̀pá wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni èdè méjì tó ṣe fún àwọn elf, àwọn ẹ̀dá bí iwin inú ìtàn rẹ̀. Ìró èdè Finland ló fi ṣe ọ̀kan, ti Wales ló fi ṣe èkejì, síbẹ̀ nínú ìtàn, ìyá kan ló bí wọn. Ìgbà táwọn elf túká ni ẹnu wọn yà síra. O mọ irú rẹ̀. Tí màmá àgbà bá dé láti Èkìtì, "ulé" ni wọ́n ń wí, àwa ń wí "ilé," ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó o fi ń rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí fi kọ́ ayé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé èdè ló ṣáájú, pé torí kí èdè náà lè ríbi gbé ni ìtàn ṣe wá.

Má wá lọ máa da ti Tolkien kọ o. Odò tí ọbabìnrin sọdá yẹn ni kó o mú. Ta ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sétí rẹ̀, kí ni wọ́n sì pè é? Àwọn tó ṣẹ́gun wọn ńkọ́, báwo ni orúkọ náà ṣe dún lẹ́nu tiwọn? Ìbàdàn tó o wà yẹn, "ẹ̀bá ọ̀dàn" ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé etí koríko ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí.

Bàbá rẹ ní kí n rọra sọ ọ́. Mo ti rọra. Tó o bá ti rí orúkọ odò yẹn, fi ránṣẹ́, kó o fi ìtumọ̀ rẹ̀ tì í.

Màmá rẹ